Ẹ Pe Àwọn Ẹ̀dá Inú Odò Wá Jẹ́rìí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Máràárùn-ún Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́

Sí ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, Oríire, Súrùlérè àti Ògo-Olúwa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ kú ìfaradà pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó sórí àga yín, bó ti ń gbọ́ ẹjọ́ títì ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ ọjà, ẹjọ́ odò yóò sì máa dúró sẹ́yìn títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi dé. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà nínú ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú àwọn kánsílọ̀ yín ti jókòó níwájú mi rí. Ohun tí mo wá tọrọ kò gba owó rẹpẹtẹ, kò sì nílò agbaṣẹ́ṣe kankan. Mo fẹ́ kí ẹ yan odò kékeré méjì-méjì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú olùkọ́ wọn máa ka àwọn ẹ̀dá tó ń gbé inú odò wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ lẹ iye tí wọ́n bá rí mọ́ pátákó ní sẹkitéríàtì yín níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, kí ẹ sì rán wọlé-wọlé lọ sí òkè odò ní ọjọ́ náà gan-an tí iye ọ̀hún bá já wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára. Odò kékeré kan wà tó ṣàn gba ẹ̀yìn àdúgbò tí mò ń gbé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ọdún tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí ìwé ẹ̀sùn kọ́ ni mò ń kọ. Ní oṣù kẹta, tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti fá odò náà débi pé ọmọdé lè fò ó kọjá, a jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, a bá omi náà tó funfun bí omidùn, tó ń hó lẹ́bàá àpáta, tó sì ń rùn kíkan. Epìyà kéékèèké ti léfòó, wọ́n kọ ikùn sókè. Àwọn akàn tí a kì í sábà rí lọ́sàn-án ti kó jáde sórí yanrìn, wọ́n dúró bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bàbá arúgbó kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò náà wò wọ́n, ó mi orí, ó ní, “Akàn kì í kó kúrò nílé lásán. Odò yìí ò lè mí mọ́.”

A kọ̀wé, a sì gbé e lọ síbi tó yẹ. Wọ́n gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó ráyè wá, àkọ́rọ̀ òjò sì ti rọ̀ lóru ọjọ́ kẹrin. Wọ́n bu omi sínú ìgò mẹ́ta, wọ́n kọ nǹkan sí i lára, wọ́n gbé e lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì jáde pé omi náà kò ní àléébù. Àwọn ará àdúgbò wa kan ń pariwo pé irọ́ ni. Èmi kò bá wọn pariwo, nítorí ìgò kò purọ́. Ọ̀rọ̀ omi ọjọ́ kẹfà ni wọ́n bi í, ọ̀rọ̀ omi ọjọ́ kẹfà náà ló sì sọ. Omi tó pa ẹja ti bá tirẹ̀ lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwọn onígò lọ tán, mo ká ìró mi sókè, mo sọ̀kalẹ̀ sínú odò, mo yí òkúta kan. Ibẹ̀ náà ni mo máa ń mú àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ lọ́dọọdún, mo sì mọ ohun tó yẹ kí n bá lábẹ́ òkúta tó tóbi tó orí ọmọdé: ọmọ kòkòrò pẹlẹbẹ, mẹ́wàá ó kéré tán, tí yóò máa sá fún ìmọ́lẹ̀ bí akàn, tí ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta yóò sì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló sọ ọ́ ní Onírù-mẹ́ta, orúkọ náà sì mọ́ wa lẹ́nu ju orúkọ Látìnì tó wà nínú ìwé lọ. Òkúta ọjọ́ náà dá fáú. Mo yí èkejì, mo yí ìkẹta, mo yí i títí ó fi di mẹ́rìnlá. Ìdin pupa mẹ́ta péré ni mo rí nínú ẹrẹ̀ tó wà láàárín wọn. Oṣù keje ni mo tó tún fojú kan Onírù-mẹ́ta kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìwé èsì ti fi ara balẹ̀ nínú fáìlì láti oṣù kẹrin pé odò dára, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkúta ń sọ fún oṣù mẹ́rin gbáko pé nǹkan burúkú kan gba ibẹ̀ kọjá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹlẹ́rìí tó sùn síbi ìṣẹ̀lẹ̀ la ó kọ́kọ́ pè. Onírù-mẹ́ta yìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní mayfly, lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù mélòó kan nínú omi kí ó tó hu ìyẹ́, bó bá sì hu ìyẹ́ tán, ó lè má lò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ láyé. Kò tilẹ̀ ní ẹnu gidi tí yóò fi jẹun mọ́. Gbogbo ohun tó gba inú odò kọjá ní àkókò tó fi wà níbẹ̀ ló gba ara rẹ̀ kọjá. Bí ó bá wà láàyè lónìí, a mọ̀ pé kò sí ohun tó pa á láná, kò sì sí ohun tó pa á lóṣù tó kọjá.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní Jámánì, Richard Kolkwitz àti Maximilian Marsson tẹ̀wé jáde ní 1908 àti 1909, wọ́n to àwọn ewéko àti ẹranko inú odò lẹ́sẹẹsẹ bí agbára wọn láti fara da ìdọ̀tí ṣe tó. Láti ọdún 2000 ni òfin omi Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti là á kalẹ̀ pé kí wọ́n tó lè pe odò kan ní odò tó dára, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ẹja rẹ̀, ewéko rẹ̀ àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí kò ní egungun ẹ̀yìn tó ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀, yàtọ̀ sí kẹ́míkà tí ìgò ń wá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti Warsaw, olú ìlú Poland. Níbi tí wọ́n ti ń fa omi odò fún ará ìlú, ẹ̀dá mẹ́jọ tó ní karawun méjì-méjì ló ń ṣọ́ omi náà tọ̀sán-tòru. Wọ́n so wáyà mọ́ karawun wọn. Nígbà tí omi bá dára, wọn a la ẹnu sílẹ̀ kí wọ́n lè máa jẹun. Bí wọ́n bá rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, wọn a pa ẹnu dé, kọ̀ǹpútà a sì ké gbàjarè. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni Warsaw.

Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu jù. Nínú kànga agboolé wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹja àrọ̀ kan wà tí ìyá ìyá mi sọ síbẹ̀. Ó ń jẹ tanwíjí, ó sì ń ṣọ́ omi. Bí a bá fà omi tán láàárọ̀, ìyá a bojú wo inú kànga bóyá àrọ̀ rẹ̀ ṣì ń rìn. Mo gbádùn ìtàn yìí púpọ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì, kí n tó wá sọ fún àwọn ọmọ pé ìyá ìyá mi ṣe àṣìṣe kan. Àrọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó péye. Ó ní ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí i tó ń yọ ẹnu sójú omi, ìdí nìyí náà tí ó fi lè pẹ́ láàyè nínú abọ́ alẹ́ja lọ́jà. Bí wọ́n bá da májèlé sí kànga, àrọ̀ yóò kú, yóò sì sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí omi kànga bá ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ tí èémí inú rẹ̀ ti tán, àrọ̀ kò ní mọ̀, nítorí kò bá omi pín èémí.

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. A máa ń sọ pé ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ẹni tó bá ń wá ìlera odò gbọ́dọ̀ wá onílù yẹn lọ, nítorí ìròmi fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkè ló ń mí, ó sì lè máa jó lórí odò tó ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tanwíjí, tó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan nídìí tó ń nà sójú omi láti fi fa èémí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí èémí inú omi nìkan ni wọ́n ní, ni wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Omi tó tutù nini, bíi ti ilẹ̀ òtútù, lè gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó mílígíráàmù 14 nínú lítà kan. Omi tiwa, nígbà tó bá ti gbóná dé ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Ìwọ̀nba yìí ni gbogbo wọn ń pín. Bí omi ẹ̀gẹ́ bá wọlé, tàbí ẹ̀jẹ̀ láti odò ẹran (àwa fúnra wa la fún ibi tí a ti ń pa màlúù ní orúkọ yẹn, orúkọ náà sì ti jẹ́wọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ), àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí yóò bí sí i, yóò rẹ̀ sí i, wọn yóò sì mí èyí tó kù tán. Ti omi ẹ̀gẹ́ tún burú jù, nítorí sáyánáìdì inú rẹ̀ ń fún ẹ̀dá lọ́rùn kódà nígbà tí èémí ṣì wà.

Ẹ wá wo bí olúkúlùkù ṣe ń gbà á. Onírù-mẹ́ta ní àwọn ewé kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, tó fi ń mí. Bí ẹ bá gbé e sínú abọ́ funfun tí ẹ sì fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ẹ ó rí i tí ó ń fi wọ́n fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Bí omi inú abọ́ bá ṣe ń gbóná sí i lábẹ́ oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ náà yóò máa yára sí i, àwọn ọmọ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí a dá a padà. Òun ló ń kọ́kọ́ kú. Èkejì rẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní Akọ́lé-yanrìn, tó ń fi itọ́ ara rẹ̀ lẹ yanrìn pọ̀ di ilé ròbòtò tó ń wọ́ kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí. Ọmọ lámilámi, tó ń gbé inú omi kí ó tó di èyí tó ń fò tí àwọn ọmọdé ń lé, ní agbára díẹ̀ jù wọ́n lọ, akàn náà bẹ́ẹ̀. Ní ìdí pátápátá ni ẹ ó ti rí ìdin pupa, eṣúṣú àti àwọn aràn tó jọ ọmọ ekòló. Ohun tó mú ìdin yẹn pupa ni irú èròjà kan náà tó mú ẹ̀jẹ̀ èmi àti ẹ̀yin pupa: ó ń fi í di ìwọ̀nba èémí tó bá rí mú ṣinṣin. Òun ni yóò kù sílé nígbà tí gbogbo ará ilé bá ti kú tán.

Kíkà wọn kò le. Ní Gúúsù Áfríkà, wọ́n ti ṣe ìlànà kan fún ará ìlú àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní miniSASS, wọ́n sì pín àwọn ẹ̀dá náà sí ọ̀wọ́ 13, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì tirẹ̀. Ọmọdé kò ní láti mọ orúkọ kòkòrò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti mọ ọ̀wọ́ tó wà, ó tó. Yóò ro máàkì àwọn ọ̀wọ́ tó bá rí pọ̀, yóò fi iye ọ̀wọ́ náà pín in. Mo ti dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ SS2 mi ní Satidé kan lóṣù kọkànlá. A kọ́kọ́ lọ sí òkè odò, níbi tí oko káṣú wà. Ọmọ kan di ajọ̀ mú, èkejì fi ẹsẹ̀ tó wọ bàtà rọ́bà ta yanrìn àti òkúta níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì da ohun tó bọ́ sínú ajọ̀ sínú abọ́ funfun. A rí Onírù-mẹ́ta, máàkì 11, Akọ́lé-yanrìn, 9, ọmọ lámilámi, 6, akàn, 6, kòkòrò ẹlẹ́yìn líle, 5, ìṣáwùrú, 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41. Nígbà tí a fi ọ̀wọ́ mẹ́fà pín in, ó lé díẹ̀ ní 6.8. A wá rìn lọ sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tí gọ́tà ilé ìrẹgẹ́ kan ti wọnú odò. Níbẹ̀, ìdin pupa gba máàkì 2, aràn gba 2, eṣúṣú gba 2, ìṣáwùrú gba 4: 10 lápapọ̀, tí ọ̀wọ́ mẹ́rin pín sí 2.5. Odò kan náà ni, ọjọ́ kan náà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ara wọn. Ọmọbìnrin kan tí kò fẹ́ràn báyọ́lọ́jì rárá wo ìwé tó kọ ọ́ sí, ó wò mí lójú, ó ní, “Màámi, ẹni kan ń bẹ láàárín.” N kò tíì rí àyẹ̀wò tó sọ ọ́ yé ni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ ibi tí ìlànà náà mọ. Odò Gúúsù Áfríkà ni wọ́n fi ṣe máàkì yẹn, odò tiwa kọ́. Ọ̀wọ́ tó gba máàkì tó ga jù nínú rẹ̀, 17, jẹ́ ti kòkòrò kan tí òyìnbó ń pè ní stonefly, tí irú rẹ̀ kò pọ̀ ní odò ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa. Bí a bá gbé ìwé wọn wá bẹ́ẹ̀ láìtún un ṣe, a ó máa bú odò tó dára pé kò dára tó. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá oníyè ní LAUTECH, yunifásítì tó ti wà láàárín wa láti 1990, kí wọ́n bá wa yan odò tí kò tíì bàjẹ́ kan ní Oríire tàbí Súrùlérè, kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún ọdún kan ní òjò àti ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí a lè mọ ohun tó yẹ kí odò ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Títí ìyẹn yóò fi parí, ẹ jẹ́ kí a máa fi òkè odò wé ìsàlẹ̀ odò, lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ má sì fi oṣù kẹsàn-án wé oṣù kejì, nítorí àgbàrá máa ń gbá òkúta àti ẹ̀dá orí rẹ̀ lọ pọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé májèlé ni.

Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka iye tó ga lórí pátákó kí ó wá ní kí wọ́n máa mu omi odò láìsè. Omi tó tẹ́ Onírù-mẹ́ta lọ́rùn lè ní kòkòrò onígbá-méjì nínú. Ìṣáwùrú kan wà tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri, nítorí náà bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ohun tí a lè yọ sílẹ̀ nítorí owó, ọmọ kankan kò sì gbọdọ̀ wọ adágún. Àní, eṣinṣin tó ń fa àìsàn ojú fífọ́ létí odò, omi tó ń sáré tó sì kún fún èémí ló máa ń yé sí. Ìlera odò yàtọ̀ sí ìlera wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń rìn pọ̀.

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ yìí ju agbára ará ìlú lọ, kí ó rántí sòbìà. Ní nǹkan bí 1988, ènìyàn tó ju 650,000 lọ ni wọ́n kà tí sòbìà ń yọ lára wọn ní Nàìjíríà, ilẹ̀ wa yìí sì wà lára ibi tó ti jà dáadáa. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó fi oṣù méjì dùbúlẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀dá tín-tìn-tín inú omi ló ń gbé e kiri. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi, àwọn ọ̀dọ́ ìletò ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń ka aláìsàn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń mú ìwé náà wá síjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Kíkà tí a ń ka aláìsàn lóṣooṣù ló lé e lọ pẹ̀lú aṣọ yẹn.

Mo mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn: àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí àti láfún ló ń dìbò fún yín, ẹ kò sì fẹ́ kí wọlé-wọlé máa yọ wọ́n lẹ́nu. Èmi náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láfún ni mo jẹ lánàá. Ilé ìrẹgẹ́ kò ní láti kúrò níbi tó wà. Kòtò ni kí ìjọba ìbílẹ̀ bá wọn gbẹ́, jìnnà sí odò àti kànga, kí omi ẹ̀gẹ́ máa dúró nínú rẹ̀ kí oòrùn àti ọjọ́ fi jẹ agbára rẹ̀ díẹ̀ dípò kí ó máa gba gọ́tà lọ sódò lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá gbẹ́ kòtò kan tí iye orí pátákó sì gòkè lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀yin ni ẹ ó fi hàn ní ìpàdé. Àwọn tó ń da ọ́ìlì dúdú sódò láti ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì nìkan ni n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún, àti àwọn tó ń da gàmálínì sódò lóru láti fi pẹja. Àwọn yẹn, ẹ jẹ́ kí wọlé-wọlé yọ wọ́n lẹ́nu.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí lára dáàmù Ọbà, níbi tí omi ẹ̀rọ ìlú wa ti ń wá. Púpọ̀ nínú àwọn odò kékeré tí mo ń sọ wọ̀nyí, Ọbà ni wọ́n ń lọ bá, Ọbà náà a sì kó gbogbo rẹ̀ lọ bá orogún rẹ̀ Ọ̀ṣun. Lójú dáàmù, ewéko ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. A ń kọrin pé ojúoró ló ń lékè omi, inú wa sì ń dùn sí i; ṣùgbọ́n nígbà tí ojúoró tàbí ọbẹdò bá gba gbogbo ojú omi kan láàárín oṣù díẹ̀, ajílẹ̀ oko àti ìgbẹ́ ló ń bọ́ ọ. Nígbà tó bá kú tó sì jẹrà, èémí ẹja ló máa jẹ. Apẹja tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé àti bírò, kí ó máa kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ohun èlò tí ilé ẹ̀kọ́ kan nílò kò pọ̀: ajọ̀ méjì, abọ́ funfun fífẹ̀ méjì, gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, ìgò kékeré mélòó kan tí a rọ ọtí sí láti tọ́jú èyí tí kò bá yé wa títí àwọn LAUTECH yóò fi wò ó, bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́, ìwé ńlá kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́jà. Èyí tí kò sí lọ́jà ni àṣẹ yín pé wọlé-wọlé yóò lọ sí òkè odò lọ́jọ́ tí a bá pè é, nítorí bí ó bá tún di ọjọ́ kẹfà, òjò yóò ti rọ̀.

Ní Satidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, èmi àti àwọn ọmọ mẹ́jọ yóò wà létí odò ẹ̀yìn àdúgbò wa láti aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Mo bẹ ẹ̀yin máràárùn-ún kí ẹ rán wọlé-wọlé kọ̀ọ̀kan sí wa, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí bí a ti ń kà á. Ẹni tó bá wá bá ẹ̀gbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì nínú ìlú, wọn yóò júwe mi fún un. Bàtà rọ́bà tó kù lọ́wọ́ mi, nọ́mbà mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú tirẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.